Ẹ̀mú Tí Àtàndá Yàn

Nígbà tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ na ojú irin dé Ẹdẹ, alágbẹ̀dẹ kan wà nílùú náà tí wọ́n ń pè ní Àtàndá Ẹ-Jẹ́-N-Wò-Ó. Àwọn aya ilé ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, ó sì mọ́ ọn lára bí ẹ̀wù. Bí o bá gbé ọkọ́ tó kán lọ bá a, kò ní sọ pé òun á ṣe é, kò sì ní sọ pé òun ò ní ṣe é. "Ẹ jẹ́ n wò ó ná," ni yóò wí. Yóò yí ọkọ́ náà síwá, yóò yí i sẹ́yìn, yóò fi èékánná ta á, yóò gbé e sétí bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún. Àgbẹ̀ tó fẹ́ dé oko Alájùé kí oòrùn tó mú yóò máa fẹsẹ̀ janlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àtàndá kò ní gbọ́.

Lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti jogún ìwà náà. Nígbà tí Àtàndá wà ní kékeré, bàbá rẹ̀ fi ẹ̀mú tí kò bá irin mu fa irin gbígbóná jáde nínú iná. Irin bọ́, ó sì jó bàbá náà lẹ́sẹ̀ débi pé títí tó fi kú, bàtà kò wọ ẹsẹ̀ náà mọ́. Bàbá kò pariwo, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tó sọ fún ọmọ rẹ̀ ni pé, "Irin kì í bínú síni, kì í sì í ṣàánú ẹni. Bí ẹ̀mú bá dì í, á dúró. Bí kò bá dì í, á bọ́. Má bẹ̀ ẹ́."

Àtàndá ní àbúrò kan ṣoṣo, ọmọ ìyá rẹ̀, Afọlábí. Ìyá wọn kú nígbà tí Afọlábí kò tíì já lẹ́nu ọmú, Àtàndá ló sì tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ní ká fi ìwà wọn wéra, ẹni tí kò mọ̀ wọ́n kò ní gbà pé inú kan náà ni wọ́n ti wá. Ohun tí Àtàndá yóò wò títí ilẹ̀ á fi ṣú, Afọlábí yóò ti ṣe é tán, yóò ti tún fi rẹ́rìn-ín. Kànga ló ń gbẹ́. Kò sí ẹni tó mọ kànga gbẹ́ tó o láti Ẹdẹ títí dé Awo. Yóò sọ̀kalẹ̀ sínú ihò bí ẹni ń wọ yàrá ìyàwó, yóò máa kọrin nísàlẹ̀ níbẹ̀, orin yóò sì máa jáde lẹ́nu kànga bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń kọ ọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ Sìmbíátù ni, ọmọbìnrin kan tó jáfáfá, tí ẹnu rẹ̀ mú, tó sì fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ débi pé àwọn orogún ilé kejì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Iṣẹ́ ojú irin ló kó tẹ̀gbọ́n tàbúrò pọ̀ síbì kan náà. Ọkọ̀ ojú irin kì í rìn láìmu omi. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mu omi bí màlúù tó ti ilẹ̀ Haúsá rìn dé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ kànga ńlá kan nítòsí ibùdókọ̀, kànga tó fẹ̀ tó yàrá, tí wọ́n fi òkúta mọ ara rẹ̀ yípo. Ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ni Ọ̀gá Olúmúyìwá, ọmọ Abẹ́òkúta, onígbàgbọ́, tó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Èkó. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Kì í pe àgbàlagbà lórúkọ. "Bàbá Àwáwù" ló ń pe Àtàndá, nítorí Àwáwù ni orúkọ àkọ́bí Àtàndá. Ó gba Afọlábí síṣẹ́ gbígbẹ́, ó sì gba Àtàndá láti máa tọ́jú gbogbo ohun tí wọ́n fi ń gbé irin àti ohun tí wọ́n fi ń di irin mú.

Iṣẹ́ yìí bá Àtàndá lára mu bí omi ṣe ń bá ẹja mu. Irin tó ń sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀ kò dọ́gba. Òmíràn gùn, òmíràn rí pẹlẹbẹ, òmíràn rí róbótó, òmíràn ní ihò nínú. Ohun tí yóò gbé ọ̀kan kò ní gbé èkejì. Lójoojúmọ́ ni òun àti Ọ̀gá Olúmúyìwá ń jókòó lé orí igi lẹ́bàá ahéré irinṣẹ́, tí wọ́n ń jiyàn lórí èyí tó yẹ kí wọ́n lò. Ṣé okùn ni? Ṣé ẹ̀wọ̀n oníkọ́ ni? Ṣé ẹ̀mú ni?

Àtàndá fúnra rẹ̀ ti rọ ẹ̀mú ńlá kan fún iṣẹ́ náà. Apá rẹ̀ méjì gba inú ara wọn kọjá. Wọ́n á so okùn mọ́ ọn lókè, bí okùn bá sì ti ń fà á sókè ni ẹnu rẹ̀ á máa pa dé, bí ẹrù bá sì ṣe wúwo tó ni yóò ṣe gé e jẹ tó. Irin ojú ọ̀nà, èyí tí ọkọ̀ ń gùn lé, ló torí rẹ̀ rọ ọ́, ó sì ń gbé e dáadáa.

Nígbà tó yá ni àpótí kan dé láti Èkó. Ọ̀gá Olúmúyìwá ṣí i, ó fa ohun kan yọ tó tẹ̀ bí pátákò ẹṣin, mẹ́rin tí wọ́n dì pọ̀ mọ́ra, tó ní òrùka lórí. Òòfà ni. Àwọn òṣìṣẹ́ pagbo yí i ká. Nígbà tí ọ̀gá sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì ìṣó, tí ìṣó fò, tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ọn bí eṣinṣin lára oyin, àwọn kan sá. Afọlábí bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun rí ọkọ tí àwọn ìyàwó rẹ̀ kì í kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Àtàndá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wò ó. Ó fi òòfà náà gbé irin pẹlẹbẹ, ó gbé e. Ó da ẹrẹ̀ lé irin náà lórí, ó tún fi gbé e. Agbára rẹ̀ ti dín. Ó gbé irin róbótó. Ó gbé èyí tó kéré, èyí tó tóbi bọ́ sílẹ̀.

"Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní Èkó náà nìyẹn," ni Ọ̀gá Olúmúyìwá wí. "Irin tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó mọ́, tó sì gbẹ ló ń gbé jù. Bí ìpẹtà tàbí ẹrẹ̀ bá wà láàárín wọn, àfi bí ẹni fi aṣọ dí ẹnu rẹ̀. Ìṣó àti nọ́ọ̀tì tó bá jábọ́ sínú kànga ni ká máa fi yọ, Bàbá Àwáwù. Ẹ jẹ́ ká fi mọ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n sì fi mọ bẹ́ẹ̀, títí di ọjọ́ tí a ń wí yìí.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Odò Ọ̀ṣun ti fà, àwọn òkúta inú rẹ̀ ti yọrí. Wọ́n ń gbẹ́ kànga náà sí i kó lè jìn, nítorí omi tó wà níbẹ̀ kò tó ẹ́ńjìnnì mu. Omi abẹ́ ilẹ̀ sì ń ya wọlé láìdúró, nítorí náà ni ẹ̀rọ kan fi wà lókè tó ń fa omi náà jáde bí wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ, kí agbẹ́kànga lè rí ilẹ̀ gbígbẹ dúró lé. Páìpù irin kan tó nípọn bí itan géńdé ni omi ń gbà gòkè. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so ó kọ́ sínú kànga, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì wà lẹ́bàá ibi tí Afọlábí ń gbẹ́.

Àtàndá wà nídìí owú, ó ń na ìṣó kan tó tẹ̀. Ó ń gbọ́ orin àbúrò rẹ̀. Lójijì ni ó gbọ́ tí nǹkan já, ìró kan ṣoṣo bí ìgbà tí ẹ̀ka obì bá kán. Ohun wíwúwo kan sì fi ara gbá òkúta kànga lọ sísàlẹ̀, gbì, gbì, gbì. Orin dáwọ́ dúró.

Àtàndá ò mọ̀gbà tó dé ẹnu kànga. Ó dojú bolẹ̀, ó na ọrùn.

"Afọlábí! Afọlábí o!"

Ìsàlẹ̀ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan gòkè wá, ó tín-ín-rín.

"Mo wà láàyè. Ẹ̀gbọ́n mi, ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Páìpù náà wà lórí ẹsẹ̀ mi."

"Fà á yọ!"

"Kò yọ. Ó ti rì mọ́ iyanrìn. Omi ń wọlé o."

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Páìpù ti já, ẹ̀rọ kò lè fa omi mọ́. Omi tí wọ́n ti ń fà jáde láti àárọ̀ yóò padà sí ipò rẹ̀, ipò rẹ̀ sì ga ju ènìyàn lọ.

Ọ̀gá Olúmúyìwá sáré dé, fìlà ti bọ́ lórí rẹ̀. Ó wo inú kànga. Páìpù náà ti dà, orí rẹ̀ fara ti ògiri, ìdí rẹ̀ sì wọ inú iyanrìn pẹ̀lú ẹsẹ̀ Afọlábí. Etí irin tó yí orí páìpù náà ká, èyí tí okùn ì bá fi kọ́, ti kán dànù. Okùn yòówù tí wọ́n bá so mọ́ orí yẹn yóò yọ̀. Kò sì sí àyè láti fi okùn gba abẹ́ rẹ̀.

"Òòfà," ni ẹnìkan ké. "Ẹ gbé òòfà wá! Ṣebí ó ń fa irin!"

"Ẹ jẹ́ n wò ó ná," ni Àtàndá wí. Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Ariwo ta. "Wo kí ni? Ènìyàn ń kú lọ, o fẹ́ wo kí ni?"

Sìmbíátù ti dé nígbà náà. Oúnjẹ ọ̀sán ló ń gbé bọ̀ wá fún ọkọ rẹ̀ kó tó gbọ́ igbe. Kò sí ẹni tó mọ ibi tó ju àwo sí. Ó kúnlẹ̀ síwájú Àtàndá, ó di kẹ̀ǹbẹ̀ rẹ̀ mú.

"Ọkọ mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ má wo nǹkan kan mọ́. Ẹ yọ ọ́ fún mi."

Àtàndá wo ojú Ọ̀gá Olúmúyìwá. Àwọn méjèèjì mọ ohun tí òòfà yẹn lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n igbe pọ̀, omi sì ń wọlé, òòfà ló sì yá jù lọ. Kò ní gba kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ omi lọ so nǹkan mọ́ páìpù. "Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú ẹ̀," ni ọ̀gá wí. Àtàndá gbé ojú kúrò. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Wọ́n gbé òòfà náà kọ́ sórí okùn tó gba orí kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń yí kọjá, lára igi mẹ́ta tó dúró lókè kànga. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó kan páìpù, ó lẹ̀ mọ́ ọn, kàn-ìn! Àwọn ọkùnrin fa okùn. Okùn le. Páìpù mira.

"Ó ń gòkè!" ni Afọlábí ké láti ìsàlẹ̀. "Ẹ fà á! Ó ń gbé e!"

Inú àwọn ènìyàn dùn, wọ́n fà á tagbára tagbára. Nígbà náà ni okùn dẹ̀ lójijì, tí àwọn tó ń fà á sì ṣubú lé ara wọn. Òòfà ti tú. Páìpù já padà sórí ẹsẹ̀ Afọlábí.

Igbe tí Afọlábí ké, Àtàndá kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ìyá wọn ti kú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀, ó sì tún tú wọn, nítorí ó mọ̀ pé òun ò lẹ́tọ̀ọ́ láti dí i.

Nígbà tí wọ́n fa òòfà jáde, èèpo ìpẹtà àti ẹrẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀ bí èèpo igi.

"Ẹ tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀! Ẹ tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀!"

"Rárá," ni Àtàndá wí. Ó dìde. Ojú rẹ̀ ti yí padà. "Mo ti jẹ́ kí páìpù já lé e lẹ́ẹ̀kan. Kò ní ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ohunkóhun tí a kò bá kọ́kọ́ dán wò lórí ilẹ̀ níbí kò ní wọ inú kànga yìí mọ́. Ẹ gbé ẹ̀mú mi wá."

Páìpù mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré, ọmọ ìyá èyí tó já. Àtàndá ní kí wọ́n gbé igi mẹ́ta mìíràn dúró lé e lórí, kí wọ́n so ẹ̀mú kọ́. Àwọn ènìyàn kò gbà gbọ́ pé ojú wọn ni wọ́n fi ń rí i. Ọkùnrin kan bú u. Òmíràn ní orí rẹ̀ ti dàrú. Sìmbíátù dìde lórí eékún rẹ̀, ó wọ́ ọ láṣọ.

"Omi ti dé àyà rẹ̀! Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀! Omi ti dé àyà rẹ̀, ẹ̀yin ń fi irin ṣeré!"

Àtàndá ń so okùn mọ́ ẹ̀mú lọ. Bó bá dá a lóhùn, ẹkún ni yóò sun, kò sì ní lè so ó dáadáa. Ọ̀gá Olúmúyìwá wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì rìn lọ, ó di okùn mú. "Ẹ wá ràn mí lọ́wọ́," ló wí fún àwọn ọkùnrin náà. Wọ́n fà.

Ẹ̀mú gé páìpù jẹ, ó gbé e kúrò nílẹ̀. Bó ti ga tó orúnkún ni páìpù yọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì já lulẹ̀, tí ilẹ̀ fi mì.

Gbogbo wọn dákẹ́. Kò sí ẹni tó bú Àtàndá mọ́ ní àkókò yẹn. Wọ́n ti rí ohun tí ì bá já lé Afọlábí lórí.

Àtàndá kúnlẹ̀ ti ẹ̀mú náà. Ó fi ọwọ́ pa ẹnu rẹ̀. Irin ojú ọ̀nà ló rọ ọ́ fún, ẹnu náà tẹ́, páìpù sì rí róbótó. Irin ń yọ̀ lórí irin. Kò sí àyè láti fi í sínú iná kó tún un rọ. Ojú rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, bí ojú ẹran tí ọdẹ ká mọ́. Ó rí àpò tí wọ́n fi kó èédú wá, àpò tó rí wúruwùru. Ó fi eyín fà á ya, ó we é mọ́ ẹnu ẹ̀mú lọ́tùn-ún lósì, ó fi wáyà dì í, ó sì bu iyanrìn líle, ó fi ra á lára.

"Ẹ fà á."

Páìpù gòkè. Ó dé orúnkún, ó dé ìbàdí. Àtàndá mú òòlù, ó lù ú. Kò yọ̀. Ó fò mọ́ ọn, ó fi gbogbo ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn, ó ń fì í bí ẹni ń fi igi eléso. Kò yọ̀. Ó bọ́ sílẹ̀, ó sì ti ń so okùn mọ́ ìdí ara rẹ̀.

"Ó kù síbì kan," ni Ọ̀gá Olúmúyìwá wí, ó dì í lápá. "Ìdí páìpù ni ẹ ó gbá mú. Bí ìdí bá gòkè, orí rẹ̀ tó fara ti ògiri yóò yí, yóò sì gbá yín méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n fi òòfà di orí yẹn mú. Omi kò dé ibẹ̀. N ó fi ayùn irin ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò títí á fi dán. Kò ní gbé e, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kó yí."

Àtàndá rò ó wò. Ó wò ó lọ́kàn síwá sẹ́yìn bó ti máa ń wo ọkọ́ tó kán. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí.

Ọ̀gá náà so ara rẹ̀ rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń ha irin. Àtàndá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Òtútù kànga náà wọ inú eegun rẹ̀. Omi náà ti dúdú. Orí Afọlábí nìkan ló kù lókè omi, ó gbé àgbọ̀n sókè, ètè rẹ̀ ti yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ pẹ́."

"Mo mọ̀. Má sọ̀rọ̀, omi á kó sí ọ lẹ́nu."

Ó gbá ẹ̀mú náà mọ́ra, ó ní "Bísímílà," ó sì rì sábẹ́ omi. Ojú kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wá páìpù títí ó fi rí i, ó tọ̀ ọ́ lọ títí ó fi kan ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀. Ó la ẹnu ẹ̀mú, ó tì í bọ inú iyanrìn. Òkúta ló gé jẹ. Èémí rẹ̀ tán. Ó gòkè, ó mí, ó rí i pé omi ti dé ètè Afọlábí, ó sì tún rì. Lọ́tẹ̀ yìí ó fi ìka wá ẹ̀gbẹ́ páìpù méjèèjì kó tó tú ẹnu ẹ̀mú sílẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀mú gé páìpù jẹ. Ó fa okùn lẹ́ẹ̀mẹta gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣàdéhùn.

Okùn le. Iyanrìn fi páìpù sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Àtàndá ti ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá Afọlábí, ó fà á. Afọlábí ké, ó gbé omi mì, ẹsẹ̀ náà sì yọ.

Okùn kan ṣoṣo ló kù tó lè gbé ènìyàn. Àtàndá tú u kúrò nídìí ara rẹ̀, ó so ó mọ́ àbúrò rẹ̀, ó sì ké pé kí wọ́n fà á. Òun nìkan wá kù nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó na apá mọ́ òkúta ògiri, omi dé ọrùn rẹ̀, páìpù sì rọ̀ sókè orí rẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ́nu ẹ̀mú. Omi ń kán láti ara àpò tó wé mọ́ ọn, ó ń kán sí i lójú. Kò lè sá síbì kankan. Ó wo ẹnu ẹ̀mú, ó wo wáyà tó fi dì í, ó ń wá ibi tí yóò ti kọ́kọ́ tú. Ó rántí pé òun kò wé wáyà apá òsì tó bí òun ti wé ti ọ̀tún. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Ọ̀gá Olúmúyìwá wà lára ògiri lókè, ó fi èjìká ti òòfà mọ́ orí páìpù, ó ń pe orúkọ Jésù kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Wáyà kò tú. Okùn padà wá. Nígbà tí wọ́n fa Àtàndá dé òkè, ó rìn lọ kúnlẹ̀ ti Afọlábí.

Wọ́n pe ẹni tó ń to egungun láti Awo. Ó to ẹsẹ̀ náà, ó fi igi dì í, ó sì sọ òótọ́ fún wọn pé ìgbà kejì tí páìpù já lé e ló ba ibẹ̀ jẹ́ jù. Ẹsẹ̀ náà jinná, ṣùgbọ́n kò tọ́ mọ́. Afọlábí kò tún wọ inú kànga mọ́ láyé rẹ̀.

Ọ̀gá Olúmúyìwá sọ fún àwọn òyìnbó pé òun ni òun pàṣẹ kí wọ́n lo òòfà. Àtàndá fẹ́ bá a pín ẹ̀bi náà, ọ̀gá náà kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ wọ́n gbé e lọ sí iṣẹ́ mìíràn ní ọ̀nà Òṣogbo. Kó tó lọ, ó jókòó sórí igi lẹ́bàá ahéré pẹ̀lú Àtàndá bíi ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n wọn kò jiyàn nípa nǹkan kan.

Ti Sìmbíátù ló le jù. Ó ń gbé oúnjẹ fún Àtàndá, ó ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀ bí aya ilé, àmọ́ kò wo ojú rẹ̀. Nígbà tó yá, Àtàndá bi í léèrè ohun tí òun ṣe. Ó gbé orí sókè.

"Ọkọ mi ń mu omi," ló wí. "Ẹ dúró. Ẹ dúró, ẹ ń lu irin."

Àtàndá lè sọ fún un pé ká ní òun kò lù ú ni, irin náà ì bá já lé ọkọ rẹ̀ lórí. Ó mọ̀ pé obìnrin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ohun tó ń sọ nìyẹn. "Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Mo dúró." Wọ́n sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Afọlábí bọ́ sí oko ní Alájùé. Ó ń tiro kiri láàárín ebè, ó sì ń kọrin níbẹ̀ náà. Ní àsìkò òjò kan, Àtàndá lọ bá a ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n jókòó sábẹ́ igi tí wọ́n ń jẹ iṣu, Àtàndá kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Nígbà tí o wà nísàlẹ̀ lọ́jọ́sí," ló wí, "tí omi ń kún, tí mi ò tíì wá… Kí lò ń rò nípa mi?"

Afọlábí jẹ iṣu ẹnu rẹ̀ tán kó tó dáhùn.

"Nígbà tí òòfà tú, mo ti gbà pé ó parí. Wọ́n ń pariwo lókè, ariwo náà ń kó mi láyà jẹ. Lẹ́yìn náà ni nǹkan wó lulẹ̀, gbogbo ayé dákẹ́. Ìgbà tó ṣe, mo wá ń gbọ́ òòlù. Kàn, kàn. Kò yára." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, wọ́n ń wò ó. Bí wọ́n bá wò ó tán, wọn á bọ̀. Mo wá gbé àgbọ̀n mi sókè, mo ń dúró dè yín."

Àtàndá bu iṣu, ó tún gbé e padà sínú àwo.

"Ṣùgbọ́n ẹ pẹ́ o," ni Afọlábí wí. Ó na ọwọ́ sí igi tó fi ń tilẹ̀, ó dìde, ó sì padà sí ẹnu ebè rẹ̀, nítorí òjò ti ń ṣú bọ̀ láti apá Ṣẹ̀kọ́nà.